Èyí Tí A Rò Kì Í Ṣe Iyán

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìjà ni mo gbé wá sínú ìwé ìròyìn wa lọ́tẹ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyán ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní kí ni ọmọ tí ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè ń wá kiri nínú ìkòkò olóúnjẹ. Ẹ fara balẹ̀. Inú ìkòkò náà gan-an ni ọ̀rọ̀ èdè wà.

Ọmọ Àrìgìdì Àkókó ni mí, ní ọ̀nà tí ó ti Ìkàrẹ́ lọ sí Òkè-Àgbè. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnikẹ́ni kì í béèrè irú iyán tí ènìyàn fẹ́. A óò bó iṣu, a óò sè é, a óò sì gún un nígbà tí ó ṣì ń rú èéfín, tí àlejò yóò ti máa gbọ́ ìró ọmọ odó kí ó tó rí àwo. Láti ilé dé ilé ni ìró náà ń dá ara wọn lóhùn ní ìrọ̀lẹ́. N kò mọ̀ pé ìró yìí jẹ́ ara oúnjẹ àfi ìgbà tí mo wá sí yunifásítì ní Ìbàdàn, tí mo jẹ iyán tí kò ní ìró.

Mo wá iyán ilé wa kiri. Mo wá a ní Bódìjà, níbi tí iṣu wà ní òkìtì òkìtì; mo wá a ní Sángo; mo wá a dé Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kọ “Iyán wà” sára pátákó kò lóǹkà. Mo wọlé, mo sanwó, wọ́n gbé e wá: ó funfun, ó jọ̀lọ̀, ó rí rogodo bí ẹyin. Mo bu òkèlè kìn-ín-ní, kò fà rárá. Ìyẹ̀fun ni. Inú ọ̀rá ni wọ́n ti dà á sínú omi gbígbóná, wọ́n rò ó, wọ́n sì pè é ní iyán. Pọ́ńdò ni orúkọ rẹ̀ lọ́jà. N kò sọ pé kò sí ẹni tí ń gún iyán ní Ìbàdàn mọ́. Mo rí méjì, ọ̀kan jìnnà, èkejì a sì máa tán kí a tó jáde ní kíláàsì ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ orílẹ̀-èdè wa ni ó ń wa ju ìdajì gbogbo iṣu tí ó wà láyé lọ, Ìbàdàn yìí kan náà sì ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA wà láti 1967, tí wọ́n ń tọ́jú oríṣiríṣi ẹ̀yà iṣu bí ẹni ń tọ́jú ọba.

Lọ́jọ́ kan mo bi ìyá olóúnjẹ kan léèrè kí n tó jókòó.

“Màmá, ẹ kú ọjà o. Iyán yín, gígún ni àbí rírò?”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ọmọ Èkìtì ni ọ́, àbí?”

“Rárá o, Mà. Àkókó ni mí. Àrìgìdì.”

“Ibì kan náà ni. Jókòó jàre, iyán ni iyán ń jẹ́.”

Ẹ jẹ́ kí n dá màmá lóhùn nínú ìwé, nítorí n kò lè dá a lóhùn lójú rẹ̀: àgbà ni, ebi sì ń pa mí. Ibì kan náà kọ́. Àkókó kì í ṣe Èkìtì. Ní Àkókó fúnra rẹ̀, ẹnu wa kò ṣọ̀kan. Èdè tí a ń sọ nílé ní Àrìgìdì yàtọ̀ sí ti Ìkàrẹ́ tí a jọ ń ná ọjà, débi pé ọmọ Ìkàrẹ́ tí kò bá gbé láàrin wa rí kò ní gbọ́ ohun tí a ń wí, bẹ́ẹ̀ ni ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Yorùbá ni a fi ń gbọ́ ara wa yé. Ẹni tí a tọ́ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ tètè máa ń mọ̀ pé ohun méjì lè fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan, a sì máa bi ara rẹ̀ pé ta ni ó ń jèrè níbẹ̀. (Àwọn Èkìtì ń sọ kiri pé àwọn ni wọ́n ni iyán. A kì í bá wọn jiyàn. Ẹnu wa kún.)

“Iyán ni iyán ń jẹ́.” Àwọn tí a jọ ń gbé inú yàrá kan náà ń sọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bi èdè Yorùbá léèrè bóyá òótọ́ ni. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣeré nídìí oúnjẹ. A ń gún iyán. A ń ro ọkà, tí àwọn mìíràn ń pè ní àmàlà. A ń tẹ ẹ̀bà, a ń din àkàrà, a ń se ẹ̀wà, a ń sun iṣu. Bí ọmọdé bá ní “màmá mi ń din iyán,” gbogbo ilé ni yóò bú sẹ́rìn-ín. Bí ó bá ní “màmá mi ń ro iyán,” wọn ìbá tún rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn bàbá wa wà lọ́mọdé. Lónìí, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ ní ilé tí a ń gbé: “Jọ̀wọ́, bá mi ro iyán díẹ̀.” Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn dùn mí ju òkèlè tí kò fà lọ.

Ẹ wo àwọn baba ńlá àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Wọ́n gé iṣu, wọ́n bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì rò ó. Iṣu ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣé wọ́n wá pè é ní iyán? Wọ́n pe ìyẹ̀fun rẹ̀ ní èlùbọ́, wọ́n pe oúnjẹ náà ní àmàlà, wọ́n jẹ́ kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, òun pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú sì ni ayé fi ń mọ Ìbàdàn lónìí. N kò ní ohun búburú kan láti sọ sí àmàlà. Oúnjẹ olóòótọ́ ni. Kò jí orúkọ ẹnikẹ́ni. Pọ́ńdò gan-an, ìbátan èlùbọ́ ni: iṣu tí a sè, tí a gbẹ, tí a lọ̀, àfi pé wọn kò jẹ́ kí ó dúdú. Bí ó bá fẹ́ orúkọ, kí ó lọ bá ìdílé rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n fún un pàápàá ń jẹ́rìí takò ó. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí gígún ni wọ́n ti gé pọ́ńdò, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gún un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n pe oúnjẹ wa ní iṣu gígún. Àwọn Faransé dé ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn ará Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, wọ́n pè é ní igname pilée, iṣu gígún náà ni. Àlejò méjì rí odó, wọ́n fi í sínú orúkọ. Àwa onílé ni a ń yọ ọ́ kúrò.

Ẹnìkan lè ní ẹnu lásán ni mo fi ń rí ìyàtọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú iṣu sísè kún fún àpò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Ọmọ odó ni ó ń fọ́ wọn; bí wọ́n ti ń fọ́ ni ohun inú wọn ń jáde tí ó ń so mọ́ra, tí iyán fi ń fà, tí ó sì ń le díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń gún un. Ìdí nìyí tí iṣu tuntun, tí omi rẹ̀ ṣì pọ̀, kì í fi í gún dáradára bí iṣu tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Iṣu tí a ti sè, tí a gbẹ, tí a sì lọ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn, kò sì sí omi gbígbóná tí yóò dá a padà sójú odó. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ pẹ̀lú: lára òmíràn, ẹ ó rí i pé wọ́n ti po ànàmọ́ òyìnbó mọ́ iṣu. Iyán gígún a máa ní kókó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Àrìgìdì, ìtìjú ni, ẹ̀gbọ́n ẹni yóò sì fi ṣe ẹni ní yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní Ìbàdàn, kókó ti di ẹ̀rí. Bí mo bá rí i nínú òkèlè, mo máa ń dúpẹ́.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin inú ẹgbẹ́ wa ni wọ́n sọ ọ́, wọn kò sì rọra sọ ọ́. Wọ́n ní apá ta ni wọ́n fi ń gún iyán tí mo ń yìn? Òótọ́ ni, iṣẹ́ náà le. Nílé wa, tọkùnrin tobìnrin ni ó ń gún un, ọwọ́ tèmi náà sì ti bó lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé rí. Nítorí náà ni n kò fi bá ẹ̀rọ jà. Láàrin àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola ṣe ẹ̀rọ ìgúnyán ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987. Iṣu sísè ni a ń kó sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, iyán ni ó sì ń ti inú rẹ̀ jáde. N kò bá ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ jà pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀, iṣẹ́ ọgbọ́n sì ni. Ẹni tí ó ń gbé Peckham ní London, tí aládùúgbò rẹ̀ yóò pe ọlọ́pàá bí ó bá gbọ́ ìró odó, kí ó ro ìyẹ̀fun rẹ̀, kí ó jẹ ẹ́ ní àlàáfíà.

Ohun méjì péré ni mo ń bá jà: orúkọ àti owó. Owó iyán ni wọ́n ń gbà lórí ohun tí wọ́n rò ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyá tí ó jí ní ìdájí, tí ó bẹ ọmọkùnrin méjì lọ́wẹ̀ láti gún iyán, tí ó sì sanwó fún wọn, kò lè bá irú ọjà bẹ́ẹ̀ díje. Ní ọdún kan, ọdún méjì, yóò gbé odó rẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáàbò bo apá àwọn ìyá wa, ẹ dáàbò bo àpò wọn pẹ̀lú.

Àwọn ẹlòmíràn kò fọwọ́ lẹ́rán bẹ́ẹ̀. Ní Naples ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n ń yan oúnjẹ pẹlẹbẹ kan tí a fi tòmátì àti wàràkàṣì lé lórí, písà ni. Ó tàn ká ayé, kálukú sì ń ṣe é bí ó ti wù ú. Ní 1984 àwọn ará Naples dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní 2010 Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é sínú òfin: ọwọ́ ni a ó fi tẹ ìyẹ̀fun rẹ̀ pẹlẹbẹ, inú ààrò onígi ni a ó sì ti yan án. Ní 2017 UNESCO kọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ń ṣe é sínú ìwé ogún ayé. Ẹ má sọ pé òyìnbó ni wọ́n: ní 2021 ni Senegal gba irú ọlá kan náà fún ìrẹsì àti ẹja wọn, ceebu jën. Ẹnikẹ́ni kò fòfin de písà mìíràn. Wọ́n kàn ní kí ẹni tí ó bá dárúkọ Naples ṣe é bí ti Naples.

Èyí tí ó mú mi gbé kálàmù gan-an ni ọjọ́ àṣà ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá. A wọ aṣọ òkè, a kéwì, a pàlọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún wa fún wákàtí kan pé èdè wa kò gbọdọ̀ kú, a sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà a jókòó jẹ pọ́ńdò lábẹ́ pátákó tí a kọ “Iyán àti ẹ̀gúsí” sí, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé pérépéré. Àmì ohùn pé. Oúnjẹ ni kò pé.

Mo ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ pé ní ọdún tí ń bọ̀, bí ó bá jẹ́ pọ́ńdò, kí wọ́n kọ pọ́ńdò. Bí ó bá sì jẹ́ iyán ni wọ́n fẹ́ kọ, kí a gún un. Odó kan wà nílé wa ní Àrìgìdì tí kò níṣẹ́ púpọ̀ mọ́ láti ìgbà tí àwa ọmọ ti jáde. Bí ẹgbẹ́ bá san owó ọkọ̀, n ó gbé e wá. Mo ti rí ẹni mẹ́rin tí yóò gún, obìnrin kan wà nínú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìkarùn-ún, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí oṣù yìí tó parí.