Ìtọ̀ Ṣúgà Ìdílé Kì í Ṣe Ohun Àfipamọ́

Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ti ìtọ̀ ṣúgà ni, èyí tó ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ.

Bí ìyá bá ní in, tí ọmọ tún ní in, wọ́n á ní ayé ló ń bá wọn jà. Wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé àrùn wà nílé wọn, kí ọmọbìnrin wọn lè rọ́kọ fẹ́. Àwa ò fara mọ́ ọn.

Èyí tó wọ́pọ̀ lára àgbà máa ń rìn nínú ìdílé, ṣùgbọ́n sísanra àti àìfi ara ṣiṣẹ́ tún ń dá kún un. Òmíràn wà tí kò wọ́pọ̀, MODY lorúkọ rẹ̀. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, bí ìgbà tí a ta owó ẹyọ sókè ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ó lè mú un, ó lè fò ó. Ó sábà máa ń yọjú kí ọmọ tó pé ọdún 25, kódà lára ọmọ tí kò sanra.

Kí ni èrè sísọ ọ́? Àwọn kan wà tó ní MODY tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ insulin lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ oògùn oníhóró lè tó wọn. Dókítà ò lè fura bí a kò bá sọ fún un pé ìyá ní in, ìyá ìyá náà ní in. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má dá abẹ́rẹ́ ọmọ dúró fúnra rẹ̀ o! Ó lè pa á.

Ọmọ tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí òùngbẹ ń gbẹ, tó ń rù, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, ẹ má dúró de àgbo. Ẹ̀yin náà ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀, kí ẹ tó fi nǹkan kan ẹnu. Bí kò bá tó 100, ó dáa. Bí ó bá tó 126 lẹ́ẹ̀mejì, ìtọ̀ ṣúgà ni. Àwọn dókítà rẹ̀ wà ní UCH n'Ìbàdàn àti LUTH l'Ékòó. Ẹgbẹ́ àwọn tó ní in náà wà, Diabetes Association of Nigeria.

Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ẹgbẹ́ fi owó àpò ra ẹ̀rọ tó ń wo ṣúgà, kí a pe nọ́ọ̀sì wá sípàdé, kí a sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù kọkànlá, ọjọ́ ìtọ̀ ṣúgà lágbàáyé. Ogún ni nǹkan yìí. Ẹni tó máa jogún, ó yẹ kó mọ ohun tó wà nínú ẹrù.

Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.