WỌ́N BÓ IGI ÀWỌN BÀBÁ LÁṢỌ LÓRÍ ÒKÈ KAMẸRÚÙNÙ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ ná. Lékúlẹ́jà tó ń ta èèpo igi lọ́jà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ mọ̀ pé èèpo kì í ṣe ẹgbẹ́ ewé. Ewé tí wọ́n já lónìí, òmíràn á rú. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ yípo, kíkú ló ń kú yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igi kan lórí Òkè Kamẹrúùnù nìyẹn. Prunus africana làwọn onímọ̀ ń pè é. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe oògùn fáwọn bàbá tí ìtọ̀ ń há mọ́ nílẹ̀ òyìnbó.

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kò ga tó fún igi yìí. Igi olótùútù ni.

Òkè náà dà bíi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin, ayálégbé àjà kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Nísàlẹ̀, létí òkun, ooru mú. Òjò Debundscha níbẹ̀ wà lára èyí tó pọ̀ jù lọ láyé. Oko ọ̀pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti rọ́bà ti gba ilẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n igbó tó kù kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ igbó Ọmọ wa: erin wà níbí, erin wà lọ́hùn-ún.

Béèyàn bá ń gòkè, òtútù dé, ìkúùkù bo igbó, ara igi á hu irùngbọ̀n. Láàárín bí 3,000 sí 7,000 ẹsẹ̀ bàtà ni igi èèpo wà. Lójijì, igbó tán, pápá bẹ̀rẹ̀. Létí ibẹ̀ ni àparò kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé. Wọ́n ní àparò kan ò ga jùkan lọ, àfèyí tó bá gun orí ebè. Ebè tiẹ̀ mà ga o! Lókè téńté, ó lé ní 13,000 ẹsẹ̀ bàtà, òkúta dúdú tí iná inú ilẹ̀ pọ̀ jáde ló kù. Lọ́dún 1999, iná náà ṣàn wálẹ̀ títí ó fi gé títì ẹ̀bá òkun.

Àjà kan ṣoṣo nigi èèpo lè gbé. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń kó èèpo rẹ̀ lọ Faransé. Òfin rẹ̀ ni pé kí wọ́n bó ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọra, kí wọ́n fi méjì sílẹ̀, èèpo á tún hù. Nígbà tí ọwọ́ pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, wọ́n ń bó o yípo, wọ́n tiẹ̀ ń gé e lulẹ̀. Lọ́dún 2007, Yúróòpù kò gbà á mọ́. Ará abúlé tó ń fi èèpo jẹun ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ṣètò iye tí wọ́n lè bó lọ́dún ni ọjà tó ṣí padà. Àwọn àgbẹ̀ kan sì ti ń gbìn ín sóko. Wọ́n á dúró bí ọdún 12 sí 15 kí àdá tó kan èèpo rẹ̀.