Ìyá Àgbà Ńkọ́, Tíṣà?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ ilé-ìwé mi kan bi mí ní ìbéèrè tí ẹnu mi fi wọhò. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni a ń ṣe lọ́wọ́. Ó dìde, ó ní: “Tíṣà, Mùsùlùmí ni ìyá àgbà mi tí ó kú. Wọ́n sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iná ni ó wà. Ṣé lóòótọ́ ni?” Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Ẹran Iléyá tí ìyá náà ń fi ránṣẹ́ sí àwa olùkọ́ lọ́dọọdún, ọmọ yìí náà ni ó ń rù ú wá.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní orí 4 ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orúkọ Jésù nìkan ni Pétérù so ìgbàlà mọ́. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage tí wọ́n pa ní ọdún 258, kọ́ni pé kò sí ìgbàlà lẹ́yìn Ìjọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ya kúrò nínú Ìjọ ni ó ń bá wí jù. Nígbà tí yóò fi di 1442, ìgbìmọ̀ ńlá Ìjọ Àgùdà ní Florence ti ka Júù àti kèfèrí mọ́ àwọn tí iná ń dúró dè, bí wọn kò bá wọ Ìjọ kí wọ́n tó kú.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí orí 10 ìwé kan náà. Ọlọ́run ti gba àdúrà àti ìtọrẹ Kọ̀nílíù, balógun Róòmù, kí Pétérù tó dé ilé rẹ̀ rárá. Síbẹ̀ a rán Pétérù sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibẹ̀ yẹn.

Ní oṣù kọkànlá 1964, ìgbìmọ̀ Àgùdà ní Vatican sọ pé ẹni tí kò mọ ìhìnrere, tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, tí ó sì ń fi òtítọ́ ọkàn wá Ọlọ́run, lè rí ìgbàlà. Wọ́n dárúkọ àwọn Mùsùlùmí pàápàá. Ọ̀pọ̀ Kristẹni kò gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ẹnìkan yóò wí pé ìyá yìí ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé agogo ni ìhìnrere? Irú ìhìnrere wo ni àwa aládùúgbò rẹ̀ wàásù fún un, bí kò ṣe iná?

Mo dá ọmọ náà lóhùn pé èmi kò mọ olùgbàlà mìíràn lẹ́yìn Jésù, àti pé Jésù náà ni yóò ṣe ìdájọ́ ìyá àgbà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó. Ó tún dìde: “Tíṣà, ṣé mo lè máa gbàdúrà fún un?”

Agogo ìsinmi ni ó gbà mí sílẹ̀.