Ta Ni Ó Kọ́ Ajá Yín Ní Fèrè?

Ọ̀rọ̀ ajá ni a gbé wá lónìí. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa yínmú, yóò ní kí ló kan ìwé Mùsùlùmí nínú ọ̀rọ̀ ajá. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti mú ẹ̀jẹ̀ jáde lára ọmọ ilé kéú kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ mọ́.

Ní àdúgbò wa, ajá kan wà ní ilé Alájì kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá ní kékeré ni wọ́n ti so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ṣẹ́ẹ̀nì ọrùn rẹ̀ kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé kéú ń gba iwájú géètì náà kọjá, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń sọ ọ́ lókùúta. Máígáàdì a máa fi ata sí oúnjẹ rẹ̀, ó ní ata ni yóò jẹ́ kí ó rorò. Bí ó bá gbó lóru, wọn a nà án. Bí kò bá gbó, wọn a ní ọ̀lẹ ni, wọn a tún nà án. Ní ọjọ́ kan, ṣẹ́ẹ̀nì já. Ọmọ ọdún méje kan tí ó gbé wàláà rẹ̀ lọ́wọ́ ni ajá náà pàdé, ó sì bù ú jẹ ní itan. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fi igi lu ajá náà pa. Gbogbo ènìyàn ní ọ̀rọ̀ tán.

Kò tán o. Kí oṣù méjì tó pé, ọmọ ajá mìíràn ti wà ní ìdí máńgòrò yẹn, ṣẹ́ẹ̀nì àná ni wọ́n mú lọ jó, tí wọ́n sì fi so ó. Àwọn ọmọ kéú sì ti ń ṣa òkúta jọ. Nítorí ọmọ ajá yìí, àti nítorí ọmọ ènìyàn tí yóò tún bù jẹ lọ́la bí a kò bá sọ̀rọ̀, ni a ṣe mú gègé.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn àgbà, èsì mẹ́ta ni a gbọ́. Àwọn kan ní nájísì ni ajá, kò ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́dọ̀ Mùsùlùmí. Àwọn kan ní bí Ọlọ́hun ṣe dá ajá búburú nìyẹn, ẹ̀kọ́ kò lè wọ̀ ọ́ lórí. Àwọn kan ní pàṣán nìkan ni ajá ń gbọ́. A kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti nájísì ṣáájú. Lóòótọ́, hàdíìsì wà pé kí a fọ abọ́ tí ajá bá fẹnu sí ní ẹ̀ẹ̀méje. Ìmáàmù Ṣáfíì ka ajá sí nájísì. Ìmáàmù Málíkì, tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ ìlànà rẹ̀, ní ajá kì í ṣe nájísì, ó ní ìjọsìn ni fífọ abọ́ náà. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí itọ́ ajá. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wá ẹyọ kan nínú wọn tí ó sọ pé nítorí itọ́ yìí, kí a fi ebi pa á, tàbí kí a sọ ọ́ lókùúta. Abọ́ ni wọ́n ní kí a fọ̀, wọn kò ní kí a lu ajá.

Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) ló fún wa ní ìròyìn ọkùnrin tí ó rí ajá kan tí òùngbẹ ń pa títí tí ó fi ń lá erùpẹ̀ tútù. Ọkùnrin náà wọ inú kànga, ó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún un, Ọlọ́hun sì forí jì í. Nígbà tí àwọn Sàhábà bi í léèrè bóyá láádá wà fún wa lórí ẹranko, èsì rẹ̀ ni pé láádá wà lórí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Òun kan náà ló kìlọ̀ fún wa nípa obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò tí ó tì mọ́lé, tí kò fún un ní oúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kí ó lọ wá tirẹ̀ jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ológbò tí a tì mọ́lé àti ajá tí a so mọ́ igi tí a kò bojú wò?

A kò gbàgbé hàdíìsì tí ó sọ pé ẹni tí ó bá ní ajá, tí kì í ṣe ti ọdẹ, ti oko tàbí ti ẹran ọ̀sìn, láádá rẹ̀ yóò máa dín lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti fi ìṣọ́ ilé kún èyí tí a gbà láyè. Nítorí náà, a kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra ajá fi ṣe fáàrí. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ti gbà á sílé ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ rù sọ́rùn. Ẹlòmíràn yóò fa hàdíìsì tí ó gbà wá láyè láti pa ajá abunijẹ yọ sí wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Ó gbà wá láyè láti pa á, kò gbà wá láyè láti fi ọwọ́ ara wa sọ ajá di abunijẹ, kí a tó wá pa á. Ẹni tí ó bá sì di dandan fún un láti pa á, Ànábì ti pàṣẹ pé kí a ṣe é dáradára bí a bá ń pa nǹkan. Igi àti òkúta kọ́ ni dáradára.

Ó kan àwọn tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ kì í wọ ajá lórí. Ẹ ṣí Alùkùránì sí Súrátùl Máídà, àáyà 4. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti ṣe ẹran tí ajá ọdẹ bá pa ní ẹ̀tọ́ fún wa, àwọn ẹranko tí a kọ́ lára ohun tí Ọlọ́hun fi mọ̀ wá ni ó sì dárúkọ. Ọlọ́hun tìkára rẹ̀ ló jẹ́rìí pé ẹranko ń gba ẹ̀kọ́. Ta ni ìwọ tí o ní kò lè gbà á? Àwọn baba wa pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Ọdẹ a máa mú ajá rẹ̀ lọ́wọ́ láti kékeré, a fọn fèrè fún un, bí ó bá sì pa ẹran, a fún un ní ìpín tirẹ̀. Àwa ni a kàn ń pòwe kiri pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ajá tí a so mọ́ máńgòrò láti kékeré, ta ni ó fọn fèrè fún un rí?

Ọmọ ajá ní ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John Fuller, tẹ ìwé kan jáde ní 1965 lórí ìwádìí ọlọ́dún gbọọrọ nípa èyí. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé bí ọ̀sẹ̀ kejìlá ni ọmọ ajá ń kọ́ ẹni tí í ṣe ọ̀rẹ́ àti ohun tí kò léwu. Ọmọdé, arúgbó, obìnrin oníjìlábù, ọ̀kadà, ohùn ìpè-kírun: ohun tí ó bá bá pàdé ní ìrọ̀rùn ní àsìkò yìí, kì í sábà bà á lẹ́rù mọ́. Èyí tí kò rí nǹkan kan àfi òkúta àti ìpá, gbogbo ẹni tí ó bá ń kọjá ni yóò di ọ̀tá rẹ̀.

Ajá kì í sì í ṣàdédé bu ènìyàn jẹ. Yóò kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò máa lá ètè, yóò ká ìrù sábẹ́, ara rẹ̀ yóò le gan-an, lẹ́yìn náà ni yóò kùn. Gbogbo èyí, ẹ̀bẹ̀ ni: ó ń ní kí a jìnnà sí òun. Àwa a ní ó ń ya aláìgbọràn, a nà án nítorí kíkùn. Ajá a gbọ́n, a dá kíkùn dúró. Ní ọjọ́ tí ẹ̀rù bá tún bà á, kò ní kùn mọ́, eyín ni yóò fi sọ̀rọ̀. Àwa ni a gba ìkìlọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ rántí ràkúnmí kan ní Mẹ̀dínà, tí ó ké, tí omi sì ń dà lójú rẹ̀ nígbà tí ó rí Ànábì. Ànábì kò na pàṣán sí i. Ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn etí títí tí ó fi dákẹ́, ó béèrè olówó rẹ̀, ó sì sọ fún un pé ẹranko náà fẹjọ́ sùn pé ó ń fi ebi pa òun, ó sì ń lo òun ní ìlòkulò. Ohun tí àwa ń pè ní ìwà burúkú, ẹjọ́ ni ẹranko ń sùn.

Ó wá ku pàṣán. Wọn a ní ó yẹ kí ajá mọ ẹni tí í ṣe ọ̀gá, pé bí ìkookò ṣe ń fi agbára jọba nìyẹn. Inú ìwádìí kan ní 1947 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, lórí àwọn ìkookò tí a kó pọ̀ sínú ọgbà. David Mech, tí ìwé rẹ̀ ní 1970 tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀, fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé ní 1999 pé bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn ni agbo ìkookò inú igbó, kì í ṣe agbo oníjà àdúbá. Ní 2009, àwọn dókítà ẹranko ní Pẹnsilfénìà ní Amẹ́ríkà bi àwọn olówó ajá léèrè ohun tí wọ́n ti ṣe láti tún ìwà ajá wọn ṣe. Nínú 100 àwọn tí wọ́n na ajá tàbí ta á nípàá, 43 ló ní ṣe ni ajá gbé ìjà ko àwọn. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Pọtogí yẹ ajá 92 wò, wọ́n sì rí i pé ara àwọn tí a ń fi ìyà kọ́ kò balẹ̀ bí ti àwọn tí a ń fi ẹ̀bùn kọ́. Kí wọ́n tó rí èyí, nǹkan bí 1,400 ọdún ti kọjá tí ìyá wa Áíṣà gun ràkúnmí olórí kunkun kan, tí ó ń fà á síwá sẹ́yìn, tí Ànábì sì ní kí ó lo ìwà pẹ̀lẹ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ tú ṣẹ́ẹ̀nì, ẹ ṣe ọgbà fún un, kí omi mímu má wọ́n ọn níbẹ̀. Ẹ mú un rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí ajá tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni í fi gbígbó ṣiṣẹ́. Ẹ pe orúkọ rẹ̀. Bí ó bá wá, ẹ fún un ní ẹran tín-ń-tín lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún lóòjọ́ tó. Bí ó bá ń gbó mọ́ ẹni tí ń kọjá, ẹ mú un jìnnà dé ibi tí yóò ti rí wọn tí kò ní gbó, kí ẹ máa fún un ní ẹran bí wọ́n ti ń kọjá, kí ẹ sì máa sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá ń kùn nídìí oúnjẹ, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó jẹun ní àlàáfíà, kí ẹ máa ju ohun tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i láti òkèèrè, títí yóò fi mọ̀ pé ẹ kò wá gba tirẹ̀. Ẹ ya ibi tí ẹ ti ń kírun sọ́tọ̀, kí ẹ ní aṣọ tí ẹ fi ń tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ó bá ti bu ènìyàn jẹ rí, tàbí tí ìwà rẹ̀ ṣàdédé yí, dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ bá. Ó lè jẹ́ pé ibì kan ń dùn ún.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ dìgbòlugi ṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún, ajá ni ó sì ń kó o ran bí 99 nínú 100. Ẹ gún ajá yín ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá ṣeé ṣe láìséwu, kí a ti ajá náà mọ́ ibì kan, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10. Ajá àdúgbò wa tí wọ́n lù pa tí wọ́n sọ sí ààtàn, ta ni yóò sọ fún bàbá ọmọ yẹn bóyá ó ní dìgbòlugi tàbí kò ní?

Ẹ̀yin ọmọ kéú, òkúta ọwọ́ yín yẹn, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ààfáà, ẹ bá wa sọ ọ́ ní wàásù. Alájì wa, ẹ má bínú sí wa. Ọmọ ajá ìdí máńgòrò yín kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ìrù ni ó ṣì ń jù sí ẹni tí ó bá ń kọjá. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, àsìkò tí ó kù kò sì pọ̀. Ẹ tú u lónìí, kí ẹ fọn fèrè fún un.

Kí Ọlọ́hun fi àánú rẹ̀ sí wa lọ́kàn. Àmín.