Ìkìlọ̀ Kọ̀ǹpútà Kì í Gbẹ̀bí

Bí aboyún bá ń rọbí ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n á de bẹ́líìtì méjì mọ́ ọn níkùn. Ọ̀kan ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, èkejì ń ṣọ́ bí ilé ọmọ ṣe ń fún pọ̀. Ẹ̀rọ á wá máa fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ sórí bébà. Ìlà yìí gan-an ni wàhálà. Dókítà méjì lè wò ó kí ọ̀rọ̀ wọn má bára mu. Kódà, ẹnì kan náà lè tún un wò lọ́la kó sọ nǹkan mìíràn.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dán kọ̀ǹpútà tó ń ka ìlà náà, tó sì ń kìlọ̀, wò ní Bìrìtéènì àti Ireland láàárín 2010 sí 2013. Obìnrin tó lé ní 46,000 ni wọ́n ṣírò èsì wọn. Àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 2017: iye ọmọ tó kú tàbí tí nǹkan ṣe kò dín kù rárá.

Kí ìwádìí máa tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin aláṣẹ tí ẹ ń náwó lórí ẹ̀rọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gba agbẹ̀bí sí i, ẹ sì kọ́ wọn dáadáa.