Àwọ̀ Mẹ́ta Kò Dí Sáyẹ́ǹsì Lọ́nà

Àwọn kan ń sọ pé Yorùbá kò lè ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀ plásímà, nítorí pé funfun, dúdú àti pupa nìkan ni ìpìlẹ̀ àwọ̀ wa. Irọ́ gbáà! Ní Garching, ní Jámánì, àwọn onímọ̀ ń wo ìmọ́lẹ̀ plásímà háídírójìn nínú ẹ̀rọ tó ń pèsè íónì òdì. Wọn kò tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ náà ló ń jẹ́rìí bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ibẹ̀ ti pọ̀ tó, tí wọ́n sì gbóná tó. Nọ́mbà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe orúkọ àwọ̀: 656 nánómítà fún pupa háídírójìn, 852 fún sísíọ́mù. Ojú ènìyàn kò tilẹ̀ lè rí ti 852 yìí. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ní orúkọ àwọ̀ fún un. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì wá yadi ni? Ẹni tó bá mọ ẹgbẹ̀rin lé méjìléláàádọ́ta kà, ó lè fi Yorùbá sọ ọ́. Ọ̀lẹ ló ń fi èdè ṣe àwáwí.