Àpótí Àwọ̀ Ọmọ Náà



Ìyá kan ní Ìkọ̀tún kọ̀wé sí wa pé ọmọbìnrin òun, ẹni ọdún 13, fi owó ìwé ìṣirò rẹ̀ ra àpótí àwọ̀, irú èyí tí a ń fi omi pò. Bàbá ọmọ náà ti gba àpótí náà, ó sì ti tì í mọ́ inú àpótí aṣọ. Ìyá ń béèrè bóyá kí òun bẹ̀bẹ̀ tàbí kí òun dákẹ́.

Ní ti owó ìwé, bàbá jàre. Kí ọmọ tọrọ àforíjì, kí ó sì san án padà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni àwòrán yíyà, èyí ni a kò gbà. Aina Onabolu, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, fúnra rẹ̀ ni ó fi kọ́ iṣẹ́ náà, nípa wíwo àwọn àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó. Ní 1906 ó fi àwọ̀ olómi ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Ní 1920 ó lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ kọ́ ọ sí i, ó sì padà wá di olùkọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Èkó. Ohun tí ó tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ ni bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú.

Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni ọmọ wa lè kọ́ ní ojú fèrèsé òkè. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, tí ìkànìyàn 2006 kà ju àádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn lọ, kò jọ àwọn òkè inú ìwé. Òrùlé páànù ni ó kún ojú wa. Kí ó ya òrùlé. Kí ó lẹ ìwé tí ó nípọn mọ́ pátákó, kí ó dà á gẹ̀rẹ́ díẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ fi omi àwọ̀ fẹ́lẹ́ kun ojú ọ̀run láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kí ó má wá àwọ̀ funfun fún ìkúùkuu: ìwé fúnra rẹ̀ ni funfun, ibi tí a kò bá kùn ni ìkúùkuu. Fún òrùlé ọ̀nà jíjìn, omi púpọ̀, àwọ̀ díẹ̀. Fún ti ìtòsí, kí àwọ̀ ìpẹtà náà ki.

Sùúrù ni ó ṣòro. Ní ìgbà òjò ìwé kì í fẹ́ gbẹ; ní ìgbà ọyẹ́, ó ń gbẹ kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé ìpẹ̀kun, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán rẹ ìwé. Èmi náà ti kánjú rí: pupa òrùlé ṣàn wọ ojú ọ̀run, àwọn ará ilé sì béèrè bóyá Ẹ̀gbẹ́dá ń jóná ni.

Ìyá wa, ẹ tọrọ Sátidé kan péré lọ́wọ́ bàbá. Kí ọmọ ya òrùlé tí bàbá fúnra rẹ̀ fi owó rẹ̀ kàn. Kí ó má ṣe gbé e lọ hàn án kí ó tó gbẹ. Ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.